Thin client ní ọ́fíìsì wa: ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀, sáfà ni kí ẹ náwó sí

Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ thin client yìí láti ìgbà tí mo ti sọ pé a ti kó gbogbo désítọ́ọ̀pù kúrò ní ọ́fíìsì wa, torí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn. A ò pọ̀, àga méjìlá péré ni, àwọn akáúńtáǹtì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gba owó wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ lẹ́tà àtàwọn tó ń bójú tó ìwé ẹ̀yáwó náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le: nǹkan yìí dáa, ó dáa gan-an fún irú ọ́fíìsì tiwa, àmọ́ àpótí kékeré tí gbogbo yín ń béèrè iye ẹ̀ yẹn kọ́ ni ọjà tí ẹ ń rà. Sáfà ni ẹ ń rà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan tí gbogbo àwọn àpótí yòókù ń lò pa pọ̀. Sáfà, waya, àti iná tó máa gbé sáfà ró. Ẹni tó bá ra àpótí méjìlá tó wá lọ fi désítọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ṣe sáfà, ó ti kó iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì lé ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, thin client jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ní nǹkan kan nínú, tàbí ká sọ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ kàn tó láti fi ojú sáfà hàn yín. Ẹ máa so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀, ẹ máa ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ̀ ọ́, ẹ máa ki waya nẹ́tíwọ̀kì bọ̀ ọ́, ó tán. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà yẹn á gba inú waya lọ bá sáfà, sáfà ló máa ṣe iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, á wá fi àwòrán ránṣẹ́ padà sí mọ́nítọ̀ yín, kì í sì í ṣe gbogbo àwòrán o, ibi tó bá yí padà lójú mọ́nítọ̀ nìkan ló ń fi ránṣẹ́, ìdí nìyẹn tí waya lásán fi ń gbé e láìsí wàhálà. Fáìlì yín ò sí nínú àpótí yẹn, àpù yín ò sí níbẹ̀, tí olè bá gbé e lọ lóru, àpótí lásán ló gbé, ìwé ẹ̀yáwó ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò bá a lọ.

Ẹ má rò pé nǹkan tuntun ni o. IBM ti ń ta tẹ́mínà (mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbòmíràn) tí wọ́n ń pè ní 3270 láti 1971, ilé iṣẹ́ Sun náà gbé Sun Ray tiwọn jáde ní 1999, ọdún yẹn náà ni LTSP bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ti Linux, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows àmọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìlú kan tó ń jẹ́ Largo ní Florida l'Amẹ́ríkà ti fi irú ẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba ìlú wọn tipẹ́tipẹ́. Ní 2007, ìjọba Macedonia kéde pé àwọn máa fi ti ilé iṣẹ́ NComputing ṣe àyè ìjókòó 180,000 fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ṣe la ń dán nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí wò, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn désítọ́ọ̀pù tí a ní tẹ́lẹ̀ ti dàgbà, a sì mọ̀ pé 14 October 2025 ń bọ̀ tí Microsoft máa jáwọ́ lára Windows 10. Windows 11 ò gba ẹ̀rọ wa, torí ó ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò, tó bá sì jẹ́ Intel ni, jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè ló fẹ́, tiwa sì jẹ́ ìkẹrin, tokunbo tí wọ́n ti lò l'Óyìnbó kó tó dé Ọ̀tígbà, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ká ra méjìlá tuntun? Owó dà? Alága wa ní kí n lọ wá ọgbọ́n sí i, ọgbọ́n tí mo rí nìyí.

Ìjọ̀ngbọ̀n àkọ́kọ́ tó wá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ló ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹ mọ̀ bí owó ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí, ojú gbogbo èèyàn ló wà lára ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìnáwó kọ̀ǹpútà níbi ìpàdé gbogbogbòò, bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, wọ́n ní kí ẹ gbé ọ̀kan wá kí àwọn fojú ara àwọn rí i. A gbé e wá. Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, “CPU ẹ̀ dà?” A ní bàbá, òun náà nìyẹn. Bàbá ní, “Ẹ má tàn mí o, mo ní dekódà nílé.” Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ akọ̀wé owó nínú rárá, torí ìfura wà nínú ẹ̀, àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ ni pé alága mú bàbá wọ yàrá tí sáfà wà, wọ́n ní, “Ẹ wò ó sà, ibí ni owó wà.” Bàbá gbọ́ ìró fáànù, wọ́n rí àwọn iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ owó olówó ni ẹ ń ná, ẹ tètè mú wọn lọ wo sáfà kí ẹ tó gbé àpótí yẹn han ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iná, torí iná gan-an ló jẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ gbà. Láti April 2024 tí wọ́n ti gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225, tí wọ́n tún wá yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà àmọ́ tí wọn ò yọ ọ́ dé ₦200, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ta wá lára. Désítọ́ọ̀pù irú tiwa yẹn máa ń fa bíi wáàtì 65, mọ́nítọ̀ á fa bíi 20, ká pè é ní 85. Méjìlá ẹ̀ ti lé ní 1,000 nìyẹn. Thin client yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ju wáàtì 5 lọ, mọ́nítọ̀ ò yí padà, 20 náà ni, ó di 25, méjìlá ẹ̀ jẹ́ 300, ẹ wá fi sáfà lé e, ká ní bíi 120, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 420. Wáàtì 600 ti kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, yúníìtì 5.4 ni ẹ ò ní jẹ mọ́, tí ẹ bá sì ka yúníìtì kan sí ₦200, ó lé ní ẹgbẹ̀rún náírà lójoojúmọ́. Ẹ lọ fi ìyẹn lu iye ọjọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù.

Ti íńfátà ló tún wá dùn jù. Bátìrì túbúlà mẹ́rin, 12V 200Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ ó jẹ́ yúníìtì 9.6, ẹ má sì jẹ́ kó jò kọjá ìdajì tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 4.8. Pẹ̀lú désítọ́ọ̀pù, kò lè tó wákàtí márùn-ún, kí íńfátà fúnra ẹ̀ tó jẹ tiẹ̀ lára ẹ̀. Pẹ̀lú èyí, lórí ìwé ó lé ní wákàtí mọ́kànlá, ká tiẹ̀ ní fáànù àti pírińtà gba díẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣì parí láìtan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ẹni tó bá ti ń ra epo bẹ́ńtírò láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹ̀ jù, owó kọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, sáfà àti switch (ibi tí gbogbo waya nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé) nìkan la gbé sórí íńfátà, àwọn mọ́nítọ̀ àtàwọn àpótí ṣì wà lórí NEPA tààrà torí pé iṣẹ́ waya ò tíì parí. Màmá tó jẹ́ akáúńtáǹtì àgbà wa ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́, lẹ́tà sí bánkì ni, NEPA mú iná lọ. Gbogbo mọ́nítọ̀ dúdú. Màmá pariwo, “Yéè, iṣẹ́ mi ti lọ!” torí bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tí iná bá lọ, ohun tí ẹ ò bá tíì sévù ti wọgbó. Iná dé, àpótí tan, mo ní kí wọ́n tẹ páswọ́ọ̀dù wọn. Lẹ́tà yẹn jáde bó ṣe wà, “a fẹ́ kí ẹ bá wa yọ owó tó j”, kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú lẹ́bàá lẹ́tà j yẹn, ó ń dúró de màmá. Ẹnikẹ́ni ò sévù nǹkan kan. Sáfà ò mọ̀ pé iná lọ, lójú tiẹ̀ ńṣe ni màmá kàn dìde fúngbà díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹ bá fẹ́ bá thin client jà ní ọ́fíìsì wa, màmá lẹ máa kọ́kọ́ bá jà.

Irú àǹfààní yẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n lè jókòó síbi tó bá wù wọ́n. Tí oòrùn bá wọlé lápá ìdí fèrèsé, màmá á gbé gíláàsì wọn, wọ́n á lọ sídìí àpótí mìíràn lápá kejì, wọ́n á tẹ páswọ́ọ̀dù, iṣẹ́ wọn á bá wọn débẹ̀.

Ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Wyse 3040 ti Dell la lò, tokunbo, wọ́n pọ̀ lọ́jà torí àwọn ọ́fíìsì òkèèrè ti ń kó wọn dà nù, owó ẹyọ kan ò sì tó ìdajì owó désítọ́ọ̀pù tokunbo gidi. Ṣíìpù Intel Atom kékeré ló wà nínú ẹ̀, RAM 2GB, kò ní fáànù rárá, ìyẹn sì ṣe pàtàkì nílùú tí ọyẹ́ ti ń da eruku sí gbogbo nǹkan láti December, torí eruku tó máa ń di fáànù désítọ́ọ̀pù ò rí ojú ọ̀nà wọlé síbí. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ìkíní, ní ti ojú tí ẹ máa ki waya mọ́nítọ̀ bọ̀, DisplayPort méjì ló ní, kò sí HDMI, kò sí VGA, torí náà tó bá jẹ́ mọ́nítọ̀ àtijọ́ ni ẹ ní, ẹ ka owó àdápútà mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì, ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, oríṣi tó ń lo 5V wà, oríṣi tó ń lo 12V wà, ọlọ́jà tó kó wọn dà pọ̀ sínú àpò kan lè má mọ èwo ni èwo, ẹ sì mọ ohun tí 12V máa ṣe fún ẹ̀rọ tó ń retí 5V. Ìkẹta, ẹ béèrè bóyá ThinOS (ètò tí Wyse ṣe fúnra wọn) ló wà nínú ẹ̀ àbí Linux, kí ẹ sì wò ó bóyá BIOS ẹ̀, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń jí tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ní páswọ́ọ̀dù. Èyí tí Wyse máa ń fi sí i láti ilé iṣẹ́ ni Fireport, F nìkan ló jẹ́ lẹ́tà ńlá, tí ìyẹn bá kọ̀, ẹni tó lò ó l'Óyìnbó ti yí i padà nìyẹn, ẹ gbé e padà fún ọlọ́jà.

Ẹ sì lè má ra àpótí kankan rárá o. Désítọ́ọ̀pù yín tó ti gbó yẹn, tí Windows 11 kọ̀, ẹ yọ hard disk ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa tan láti orí nẹ́tíwọ̀kì, LTSP máa ṣe ìyẹn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti tún LTSP ṣe lọ́tun ní 2019, inú ẹ̀rọ tó wà níwájú yín ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, sáfà kàn ń gbé fáìlì fún un ni, torí náà RAM ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ tó nǹkan. Ó dáa fún ilé ìwé. Fún wa, iná ló lé wa kúrò nídìí ẹ̀, torí wáàtì 65 ṣì wà níbẹ̀.

Sáfà wá kù. Ibí ni mo ti bá ìgbìmọ̀ jà. Wọ́n fẹ́ ká fi owó púpọ̀ ra àpótí tuntun tó ń dán, ká wá fi ìyókù wá sáfà, mo ní rárá o, ẹ yí i padà. Ohun tí a rà ni sáfà tó dúró lóòró bíi désítọ́ọ̀pù ńlá, kì í ṣe èyí tó rí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ inú ráàkì, torí pẹlẹbẹ yẹn, tí ẹ ò bá ní yàrá tó jìnnà sí èèyàn, ariwo ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. RAM ẹ̀ jẹ́ 64GB. Ìṣirò tí mo máa ń lò ni 2GB fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo Chrome àti LibreOffice (àpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Word àti Excel), ẹ fi ti sáfà fúnra ẹ̀ kún un, ẹ wá fi àlékún sí i torí Chrome ò mọ ohun tó ń jẹ́ ó tó. Díìsìkì SSD méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀kan ń ṣe àdàkọ èkejì, tí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ má pe ìyẹn ní bákọ́ọ̀pù o! Tí ẹnì kan bá pa fáìlì rẹ́, ó pa á rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bákọ́ọ̀pù tiwa ń lọ sórí díìsìkì tí a ń yọ, tí akọ̀wé ń gbé lọ sílé.

Lórí sáfà yẹn mo gbé Proxmox sí i, ọ̀fẹ́ ni, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lè ṣe bí ẹ̀rọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ Linux, àwọn mẹ́sàn-án ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú xrdp, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú Linux wá sórí àpótí wọn. Èkejì jẹ́ Windows Server, àwọn akáúńtáǹtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ torí àpù àkáúńtì wọn ò gba nǹkan mìíràn. Kí ló dé tí mi ò kó gbogbo wọn sórí Windows? Láísẹ́nsì ni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú èèyàn rí màbo.

Ọlọ́jà kan sọ fún mi báyìí pé, “Ọ̀gá, ẹ kàn fi Windows lásán sínú sáfà yín, mo ní nǹkan kékeré kan tí màá fi ṣí i tí gbogbo wọn á lè wọlé pa pọ̀.” Ẹ má gbà o. Windows 10 tàbí 11 lásán, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó fẹ́ fi ṣí i yẹn lòdì sí láísẹ́nsì, tí Windows bá sì ti ṣe àpúdéètì kékeré, ó lè bà jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọmọ ẹgbẹ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó bófin mu ni Windows Server, pẹ̀lú CAL (láísẹ́nsì ẹni tó ń wọlé) ti Windows Server fúnra ẹ̀, pẹ̀lú RDS CAL (láísẹ́nsì láti jókòó síbòmíràn kí ẹ máa lo ojú Windows tó wà lórí sáfà) lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí lórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Dọ́là ló gbé iye ẹ̀ dání, ẹ mọ náírà yín. Microsoft wá fún yín ní ọjọ́ 120 tí ẹ fi lè lò ó láìsí RDS CAL, ibẹ̀ ni àwọn kan ń gbà jẹun: wọ́n á wá tò ó fún yín, gbogbo ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ geere, ẹ ó sanwó, ẹ ó dúpẹ́, oṣù kẹrin á pé, sáfà á ní òun ò gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, ẹ ó pe nọ́ńbà yẹn títí. Ti NComputing náà ò yàtọ̀ o, tí ẹ bá fẹ́ lo Windows pẹ̀lú ẹ̀, láísẹ́nsì Microsoft ṣì wà lọ́rùn yín. Torí náà, ẹ kó àwọn tí ò ní ohun tí wọ́n ń fi Windows ṣe lọ sórí Linux, kí ẹ ra CAL fún ìwọ̀nba àwọn tó kù.

Ẹnu kọ́kọ́ kùn lórí LibreOffice, mi ò ní parọ́, pàápàá tí lẹ́tà bá ti ìta wá ní docx, ìyẹn fáìlì Word, tí tábìlì inú ẹ̀ wá wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún. Àmọ́ ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò retí ni pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Linux látilẹ̀. Mo ṣètò ẹ̀ lórí sáfà pẹ̀lú fọ́ǹtì tó mọ àmì ohùn gbé sórí lẹ́tà dáadáa, gbogbo wọn ní i lọ́jọ́ kan náà. Akọ̀wé tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ní èdè Yorùbá, tó jẹ́ pé bírò ló fi ń fi àmì sí i lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ti ju bírò yẹn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ désítọ́ọ̀pù méjìlá ni, ǹ bá ṣì máa ti ìdí ọ̀kan bọ́ sí ìdí èkejì di báyìí.

Ó yá, ẹ̀gbin ẹ̀.

Fídíò ò dáa. Mo tún un sọ, fídíò ò dáa. Tí bọ̀bọ́ kan bá ṣí YouTube nígbà oúnjẹ ọ̀sán láti wo góòlù tí Arsenal jẹ, sáfà ló máa tú fídíò yẹn, kó tún wá sọ ọ́ di àwòrán, kó tún gbé e gba inú waya, gbogbo ojú mọ́nítọ̀ ẹ̀ á máa já bí ẹni ń kálòlò, tí ẹni mẹ́ta bá sì ṣe é pa pọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kọ̀ǹpútà ti wúwo. Mo ti fi gbèdéke sórí RAM tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jẹ, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Zoom náà, ẹ gbàgbé ẹ̀, a ní láptọ́ọ̀pù kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìpàdé. Pírińtà, ẹ ra èyí tó ní ẹnu waya nẹ́tíwọ̀kì, ẹ má ki ti USB bọ àpótí, á máa ṣiṣẹ́ lónìí á máa ṣèranù lọ́la. Súkánà ló burú jù nínú gbogbo wọn, èyí tí a ní tẹ́lẹ̀ ò gbà rárá, a ní láti wá èyí tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sínú fódà fúnra ẹ̀. Kámẹ́rà tí a fi ń ya fọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ tuntun náà gba làálàá.

Èyí tó tóbi jù, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ: tí sáfà bá sùn, gbogbo ọ́fíìsì sùn. Tẹ́lẹ̀, tí désítọ́ọ̀pù kan bá bà jẹ́, ẹnì kan ló jókòó láìṣiṣẹ́. Ní báyìí gbogbo wa ni. Kò tiẹ̀ dìgbà tí sáfà bá bà jẹ́, eku jẹ waya tó ti switch lọ sí sáfà nínú síìlìǹ, waya kan ṣoṣo, gbogbo mọ́nítọ̀ dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún, oníbàárà ń wò wá, a ń wo oníbàárà. Ẹ fa waya méjì láàárín sáfà àti switch, kí ẹ gbà á gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi waya sínú páìpù, kí ẹ ní switch kan nípamọ́, owó yẹn ò tó nǹkan. Wi-Fi ńkọ́? Rárá o, fún iṣẹ́ yìí, waya ni.

Ti ààbò náà ní ojú méjì. Fáírọ́ọ̀sì fláàṣì tó máa ń ti ìdí ẹ̀rọ kan fò sí òmíràn ti dín kù gan-an torí mo ti ti ojú USB pa fún fláàṣì, àpúdéètì sì di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan dípò iṣẹ́ méjìlá. Àmọ́ gbogbo ẹyin ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó bá wọ sáfà yẹn ti wọ ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ wọn, BVN wọn, gbèsè wọn, òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023 sì ti jẹ́ kó hàn pé ọrùn yín ló wà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣí ojú 3389, ìyẹn ẹnu ọ̀nà RDP tí èèyàn fi ń wọ Windows láti ọ̀nà jíjìn, sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ọ̀gá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ní 2019, ihò kan tí wọ́n pè ní BlueKeep jáde lára RDP tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ wọlé ò tiẹ̀ nílò páswọ́ọ̀dù, àwọn tó ń wá irú ihò bẹ́ẹ̀ kiri ò sinmi. Tí ọ̀gá bá fẹ́ ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹ fi WireGuard sí i, ìyẹn VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti ilé dé ọ́fíìsì, kò gba wákàtí kan láti tò.

Ta ni kó rà á? Ọ́fíìsì tí wọ́n bá ti tó mẹ́jọ sókè, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ lẹ́tà, tábìlì owó, bíráúsà àti àpù àkáúńtì, tí wọ́n sì ní ẹni tó lè mójú tó sáfà, yálà òṣìṣẹ́ wọn ni tàbí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù tó máa gbé fóònù tí wọ́n bá pè é. Ilé ìwé, ilé ìkàwé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà náà lè rí i lò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́ta péré ni, ẹ ra láptọ́ọ̀pù, ẹ má fi ara yín wọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìtẹ̀wé tàbí àwọn tó ń fi CorelDRAW ya káàdì ìgbéyàwó, tàbí ẹ̀yin tó ń gé fídíò òde àríyá, kò bá yín mu rárá, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan tàn yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tí mo yọ, ti súkánà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe fi gbèdéke sórí RAM tàbí bí mo ṣe tò xrdp, kó béèrè nísàlẹ̀, àmọ́ ẹ má bi mí iye tí àpótí ń lọ lọ́jà o, iye ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀tọ̀, nírọ̀lẹ́ ọ̀tọ̀.